Mo ń rántí Harvey Nininger
Ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1923 ni iná ńlá kan là sánmà kọjá lójú olùkọ́ kan ní McPherson, Kansas, Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ náà, Harvey Nininger kò ṣíwọ́ wíwá òkúta tó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ó kú ní 1986. Ní 1946 ó ṣí mùsíọ́ọ̀mù fún wọn ní Arizona, ṣùgbọ́n ohun tó wú mi jù ni bó ṣe ń lọ bá àwọn àgbẹ̀, tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ irú òkúta tó yẹ kí wọ́n máa wò.

Ìdánwò òkúta ojú ọ̀run kò le. Ẹ gbé e wò: ó máa ń wúwo ju òkúta lásán tó bá a dọ́gba. Èèpo rẹ̀ dúdú, ó tín-ín-rín, nítorí iná ti jó o. Ẹ fi fáìlì ha igun kan. Irin wẹ́wẹ́ yóò máa dán nínú rẹ̀. Bó bá ní ihò jálajàla, ó sábà máa ń jẹ́ ìdàrọ́ lásán, ìyẹn pàǹtí irin tí wọ́n yọ́, òun ló sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lẹ òòfà alágbára mọ́ ọn, ó ń pa àmì òòfà ìgbà láéláé inú rẹ̀ rẹ́. Ẹ má sì fomi fọ̀ ọ́, á dípẹtà.