Ta Ló Máa Ṣe É, Nígbà Wo Sì Ni?

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ olùgbé àdúgbò wa, ọwọ́ mi sì ni ìwé ìpàdé wà. Bí ẹ bá ṣí i, ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí àwọn oníròyìn máa ń sáré lé kiri: iná ojú títì tó kú, gọ́tà tó dí, ìdọ̀tí tí wọn ò kó, ọkọ̀ tó ń sáré àsápajúdé níwájú ilé ìwé, ariwo tí kò jẹ́ kí aláìsàn sùn. Síbẹ̀, àwọn ló ń pinnu bóyá màmá àgbà lè jáde lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, àti bóyá ọmọ lè dá rìn lọ sí ilé ìwé. Mi ò fojú kékeré wo ọ̀kankan nínú wọn.

Ìdáhùn kan wà tí mo ti kọ sínú ìwé náà títí ó fi sú mi: "A ti gbọ́, a ó wá nǹkan ṣe sí i." Òṣìṣẹ́ ìjọba tó sọ ọ́ lè má ní èrò burúkú kankan lọ́kàn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé irú ìlérí bẹ́ẹ̀ kò ní ẹni tó ni ín, kò sì ní ọjọ́. Kí ìpàdé mìíràn tó dé, wọ́n lè ti gbé ẹni tó ṣèlérí lọ sí ẹ̀ka mìíràn, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹnu kò pé a kò ní kúrò lórí ọ̀rọ̀ kan títí a ó fi kọ ohun méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: orúkọ ẹni tó máa ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò wá jábọ̀ fún wa. Bí wọ́n bá ní kò sí owó fún un lọ́dún yìí, a ó kọ ìyẹn náà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n sọ pé kò ṣeé ṣe, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀, ju kí wọ́n máa fi dídùn ẹnu rán wa lọ sílé.

Ṣùgbọ́n àwa olùgbé náà gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ wa kó ṣe pàtó. Bí a bá ní gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, kí ni ẹni tó máa gun opó fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹni tó gbọ́ ẹ̀sùn ní ọ́fíìsì kọ́ ló máa gbé àkàbà. Ohun tí a bá kọ nìkan ni ẹni tó ń bọ̀ máa mú dání. Ẹ sọ nọ́mbà tó wà lára opó náà. Bí kò bá ní, ẹ sọ ilé tó kọjú sí. Ẹ sọ bóyá ó kú pátápátá ni, àbí ó ń tàn ó ń kú. Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé jù ni pé kí wọ́n wo àwọn opó tó kù: ṣé ọ̀kan ló kú, àbí gbogbo wọn ló kú lẹ́ẹ̀kan náà? Bó bá jẹ́ ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gílóòbù tàbí wáyà inú opó yẹn. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn, wọ́n á kọ́kọ́ wo wáyà ńlá tàbí fíùsì níbi tí iná ti ń wọlé. Irinṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, nígbà mìíràn òṣìṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

Àwọn ìlú kan ti fi nọ́mbà fóònù ṣe irú ètò yìí. Baltimore ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo 311 ní 1996 fún ẹ̀sùn tí kì í ṣe pàjáwìrì, New York sì ṣe tirẹ̀ ní 2003. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìkànnì ayélujára kan tó ń jẹ́ FixMyStreet jáde ní 2007: ẹ ó fi àmì sí ibi tí kòtò wà lórí máàpù, yóò sì fi ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí káńsù tí ọ̀rọ̀ kàn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ojú gbogbo ayé ni ẹ̀sùn náà wà. Aládùúgbò yín lè rí i, ó sì lè rí i bí wọ́n bá ti ṣe é.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé kíkọ nǹkan sílẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, Soho ní London ni mo máa ń sọ fún un. Ní 1854, kọ́lẹ́rà ń pa àwọn ènìyàn níbẹ̀. Dókítà John Snow lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó àdúgbò náà, àkọsílẹ̀ ló sì mú lọ: àwọn tó kú, ilé tí wọ́n gbé, ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Púpọ̀ nínú wọn ló ń pọnmi níbi ẹ̀rọ kan ní Broad Street. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Snow fúnra rẹ̀ gbà pé àìsàn náà ti ń lọ sílẹ̀ kó tó dọjọ́ náà, torí ọ̀pọ̀ ti sá kúrò. Síbẹ̀ ìgbìmọ̀ náà kò sọ pé àwọn ti gbọ́ kí wọ́n sì tú ká. Henry Whitehead, àlùfáà tó ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò yẹn tó sì mọ àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ló wá ṣàwárí lẹ́yìn náà pé omi tí wọ́n fi fọ aṣọ ìdọ̀tí ọmọ kékeré kan tó ń ṣàìsàn ti lọ sínú kòtò ẹ̀gbin tó wà nítòsí kànga tí ẹ̀rọ náà ń fa omi rẹ̀. Ẹni tó mọ ilé ló mọ ìyẹn.

Gọ́tà ló gba ojú ewé jù nínú ìwé wa. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ ti ń bá àwọn ti òkè jà pé ìdọ̀tí wọn ló ń wá bá àwọn. Nígbà tí onímọ̀ ẹ̀rọ kan láti káńsù gbà láti bá wa rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, a rí i pé gọ́tà náà fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n páìpù tó gbé e kọjá lábẹ́ títì kéré ju gọ́tà lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń há. A tún rí i pé ẹrẹ̀ tí àwa fúnra wa ń kó jáde, etí gọ́tà la ń kó o jọ sí, òjò àkọ́kọ́ á sì gbá a padà sínú. A wá fẹnu kò: àwa ó máa kó ẹrẹ̀, ọkọ̀ káńsù á máa wá gbé e lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ la ń ṣe é, torí nínú omi tó dúró, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Ẹni tó bá ń dúró de ìparí oṣù ń sin ẹ̀fọn ni.

Ti ọkọ̀ tó ń sáré, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tí ọkọ̀ tí kò ju kìlómítà 30 ní wákàtí kan lọ bá gbá ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ìdá 90 nínú 100 ni ìrètí pé onítọ̀hún á yè. Bó bá tó 45, kò tó ìdajì mọ́. Àwọn ará wa fẹ́ bọ́ǹpù níwájú ilé gbogbo. Òṣìṣẹ́ kan ló ṣàlàyé pé bọ́ǹpù ń fa ọkọ̀ panápaná àti ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn sẹ́yìn náà. Iwájú ilé ìwé la fi í sí.

Ariwo ní tirẹ̀ yàtọ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí lásán. Àjọ kan náà, ní ẹ̀ka rẹ̀ ti Yúróòpù, dábàá ní 2009 pé kí ariwo ìta má ju dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 40 lọ lóru, nítorí ìlera (dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó). Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá mú ẹ̀sùn ariwo wá, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti bá wọn sọ ọ́?" Àfi tí ẹ̀rù bá ń bà á, ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó kàn rí òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu aládùúgbò kì í tètè gbàgbé.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tí a kì í rí ní ìpàdé: àwọn ayálégbé tó rò pé kò kàn wọ́n, abiyamọ tí kò rí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ẹni tó bá lè pariwo ló ń rí iná gbà sójú títì tirẹ̀. Ní Porto Alegre ní Brazil, láti 1989, àwọn olùgbé bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní àdúgbò wọn láti sọ iṣẹ́ tí ìjọba ìlú á kọ́kọ́ náwó lé, omi, ojú omi ìdọ̀tí àti títì sì wà lára ohun tí wọ́n yàn. Àwọn tálákà wà níbẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ìwé ìpàdé wa á máa yí ilé ká báyìí kí ìpàdé tó dé, kí kálukú kọ tirẹ̀ sínú rẹ̀. A tún ti yí ìpàdé kúrò ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ sí ọ̀sán Sátidé. Káńsẹ́lọ̀ ní òun á wá, onímọ̀ ẹ̀rọ náà sì ti ṣèlérí láti mú ìwọ̀n páìpù tuntun dání.