Màmá mi kò sí nínú rẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ìwé ètò ìsìnkú

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú, yálà ní Ṣómólú níbí tàbí níbòmíràn, ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò kan bébà, kò kan fọ́tò. Ojú ìwé tí a máa ń kọ "Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Wa" sí lórí ni.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ní ìtàn kan tí mo tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá ti gbé iṣẹ́ ìyá àgbà kan dé, màá ṣí i, màá pààrọ̀ orúkọ, ìlú àti iye ọmọ, ó parí. Ìyá oníwà pẹ̀lẹ́, jagunjagun nínú àdúrà, òpó nínú ìjọ. Àwọn oníbàárà ń sanwó, ẹnikẹ́ni kò ráhùn. Àfìgbà tí obìnrin kan wá yẹ ìtàn màmá rẹ̀ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Orí ìdúró ló ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó rọra fi bébà náà lé orí tábìlì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ kọ èyí fún? Màmá mi kò sí nínú rẹ̀." Kò pariwo mọ́ mi. Ká ní ó pariwo ni, kì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin, mo sì wọ mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta, ìlú màmá rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwọn ọmọ kì í mọ ìyá wọn tán. Inú ilé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń jí wọn láago márùn-ún fún àdúrà òwúrọ̀, ẹni tí kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan oúnjẹ láìgbàdúrà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ẹ wá ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ, ẹ wá ẹni tí ìsọ̀ wọn jọ kọjú síra lọ́jà. Ní tèmi, bàbá tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló là mí lójú. Ó mú mi wọ yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀wù akọrin sí, ó ṣí àpótí kan, ó na aṣọ pẹpẹ sí mi. Ó ní ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni màmá yìí nìkan fi ń fọ̀ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wá gbé e. Kì í fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, ọwọ́ ni. Sítáàṣì tó fi ẹ̀gẹ́ ṣe fúnra rẹ̀ ló ń fi sí i, áyọ́ọ̀nù eléèédú ló sì fi ń lọ̀ ọ́, kódà bí iná bá wà, nítorí ó ní oníná ti jó etí aṣọ náà rí. Mo gbé e súnmọ́ fèrèsé. Igun kan ti já nígbà kan, ó sì ti fi abẹ́rẹ́ rán an padà tínńtín tínńtín, bí ẹ kò bá fi ìka wá a, ẹ kò ní í rí i. Àwọn ọmọ mẹ́fà ló bí, kò sí ìkankan tó mọ̀. Wọ́n rò pé ìpàdé ló ń lọ.

Ọjọ́ ìbí ńkọ́? Ẹ má fi ọjọ́ tí kò dá yín lójú kọ nǹkan kan. Màmá yìí a máa sọ pé oyún òun wà níkùn ìyá òun nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lọ dúró sí ààfin Aké nítorí owó orí. 1947 nìyẹn. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí. Ọmọ rẹ̀ àgbà ní ká fo ibẹ̀. Mo rọ̀ ọ́ pé kí a má fò ó, nítorí bí a bá yọ ọ́, báwo la ṣe máa sọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Jésù? Àbúrò màmá tó jẹ́ Alájì náà ń bọ̀ wá jókòó níwájú; bí a bá fo ibẹ̀, yóò gbọ́ ìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìgbọ́ orúkọ bàbá wọn.

Ìlú Abẹ́òkúta yẹn kan náà ni Afala, ìyá Samuel Àjàyí Crowther, ti rí ọmọ rẹ̀ padà. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú tú Òṣoògùn, ìlú wọn, ká, wọ́n sì já ọmọ gbà mọ́ ìyá lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 1846, ìyá náà wá a wá. Crowther, tó ti di àlùfáà, kọ ọ́ sínú ìwé tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí: pé ìyá òun gbọ̀n, pé àwọn di ara àwọn mú láìlè fọhùn, pé omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti rù, pé ó ń fi orúkọ tí ìyá àgbà òun máa ń pe òun ní kékeré pe òun. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ó di Hannah. Nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ orúkọ Hannah, ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ni mo ń rí, nítorí ẹni tó di ọwọ́ náà mú ló kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá jókòó ti àwọn olóòkú, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Mo máa ń bi wọ́n pé: "Orúkọ wo ni màmá fi ń pè yín tí ẹlòmíràn kì í pè yín?" Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹkún ni wọ́n fi ń dáhùn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sun ún tán, ẹ má tíì gbé bírò.

Lọ́jọ́ ìsìn ìkẹyìn, aṣọ funfun ni wọ́n tẹ́ sórí pẹpẹ. Bàbá tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé màmá fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́ lẹ́yìn Àjíǹde, ó sì ti lọ̀ ọ́, ó ti ká a sílẹ̀, kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tí àwọn èrò ń tẹ̀lé òkú jáde, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù kò tíì bá wọn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi igun aṣọ náà, ó ń fi ìka wá ibi tí ìyá rẹ̀ rán.