Ẹ ju garawa sí kànga náà kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, ẹ kú oríire o. Àwọn kan nínú yín ti ń pè mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wá ilé, ẹ bá wa wá iṣẹ́ tá a lè máa ṣe tá a bá ti kíláàsì dé. Mi ò sí l'Abẹ́òkúta mọ́, mi ò lè bá yín rìn ká, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí, torí gbogbo nǹkan tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, owó mi ni mo fi rà á.

Ká ti orí ilé bẹ̀rẹ̀. Họ́sítẹ̀lì inú skúùlù ò lè gba gbogbo èèyàn, ìta ni ọ̀pọ̀ nínú yín máa gbé, Camp, Isolu, Harmony, Accord, àwọn àdúgbò ibẹ̀ yẹn. Oṣù kẹsàn-án ni mo gba yàrá tèmi, òjò ò sì dáwọ́ dúró. Éjẹ́ńtì mú mi dé ẹ̀yìn ilé, ó ṣí ìdérí kànga, ó ní, "Ọmọ mi, wo omi, díẹ̀ ló kù kéèyàn máa fọwọ́ bù ú." Lóòótọ́ ni, omi ń dán, ó kún dé òkè. Mo sanwó. Rẹ́ǹtì, agrímẹ́ǹtì, kọmíṣọ́ọ̀nù, owó ohun tá a bá bàjẹ́, àti owó kan tó pè ní owó àyẹ̀wò ilé, tí mi ò mọ ohun tá a tún fẹ́ yẹ̀ wò nígbà tí mo ti dúró sínú yàrá náà tán.

Ọyẹ́ dé, ó di January. Mo ju garawa sí kànga, mo gbọ́ "gbà!", garawa ti kan àpáta. Ṣé ẹ rántí orúkọ ìlú yìí? Abẹ́ òkúta la wà, òkúta náà ò sì parí sí Olúmọ. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga níbẹ̀ yẹn, tó bá ti kan àpáta, ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ náà ló máa dúró, omi tó bá ṣàn wá jókòó lórí àpáta yẹn la máa mu, tí òjò bá ti lọ, òun náà ń lọ nìyẹn. Láti January títí òjò fi padà, aago mẹ́rin ìdájí la máa ń jí lọ tò sídìí kànga, torí omi tó bá sun lóru ò ju garawa mẹ́fà méje lọ, ẹni tó bá jí ní aago mẹ́fà, ẹrẹ̀ ló máa fà. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ràn oorun bíi tèmi, mẹ́ruwà ló máa pọn ún fún yín, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan lówó tiẹ̀. Ìgbà tí mo ṣírò owó kẹ́ẹ̀gì oṣù mẹ́ta pọ̀ mọ́ rẹ́ǹtì ni mo rí i pé ilé tó ní bóòhóòlù, tí mo sá fún pé ó ti wọ́n jù, ilé yẹn gan-an ló dínwó.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá lọ wo ilé nígbà òjò, ẹ má wo omi. Okùn garawa ni kẹ́ ẹ wò. Tí omi bá wà lókè báyìí, tí okùn wá gùn gbọọrọ, tí ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn dé ìdí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe lẹ́ẹ̀rùn. Ilé tí omi ò ti í sá, okùn kúkúrú ni wọ́n ń lò. Kẹ́ ẹ sì ju garawa náà fúnra yín, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rì, kẹ́ ẹ gbọ́ ibi tó dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé láìmú éjẹ́ńtì dání. Sátidé làwọn èèyàn máa ń fọṣọ, wọ́n sì máa ń ráyè sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín kọ́ lẹ máa bi ní ìbéèrè, ẹni tó ti sanwó ṣíwájú yín ni. Ẹ bi í pé mítà mélòó ló wà nílé yìí, yàrá mélòó ló ń lo ọ̀kan, ta ló ń gba owó iná jọ. Èmi bá wọn gbé ilé tí yàrá mẹ́jọ ń lo mítà kan, ọ̀gbẹ́ni kan ń fi iná gbóná omi ìwẹ̀ láràárọ̀, iye kan náà la jọ ń dá. Ẹ ní kí wọ́n fi rìsíìtì yúnìtì tí wọ́n rà kẹ́yìn hàn yín, torí tí gbèsè bá wà lórí mítà látọwọ́ ẹni tó ti kó lọ, wọ́n á máa yọ ọ́ nínú owó tiyín.

Kẹ́ ẹ sì rí lańlọ́ọ̀dù sójú kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọ̀rẹ́ mi kan sanwó fún éjẹ́ńtì, ó kó bẹ́ẹ̀dì dé, ó bá àwọn méjì mìíràn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tiwọn, yàrá kan náà, rìsíìtì mẹ́ta. Éjẹ́ńtì ti pa fóònù. Ó yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ti sun ọjọ́ mẹ́rin, ó ń sunkún lóru.

Ó dáa, iṣẹ́.

February 14, 2022 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀, a ní oṣù kan ni, October 14 ni wọ́n tó so ó rọ̀, oṣù mẹ́jọ gbáko. Gbogbo èèyàn ń palẹ̀ ẹrù lọ sílé, èmi ò lọ, torí rẹ́ǹtì tí mo ti san ń dùn mí (àti pé tí mo bá délé, bàbá mi á ní kí n wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù òun, kò sì ní san kọ́bọ̀). Mo gba Ìtọ́kú lọ, ọjà aládìrẹ. Mi ò wọ inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà o, ẹ̀yìnkùlé ni mo lọ, níbi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣan aṣọ. Mo bi ọmọbìnrin kan pé ta ló ń sanwó dáadáa níbí. Ó fẹnu júwe ìyá kan fún mi, ó ní, "Màmá yẹn á bú ẹ o, àmọ́ tó bá di Sátidé, á sanwó ẹ." Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, èébú láti Mọ́ńdè, owó ní Sátidé.

Iṣẹ́ mi ni kí n yọ́ àbẹ́là, kí n ki fóòmù tí wọ́n ti gé bátànì sí bọ̀ ọ́, kí n máa fi tẹ aṣọ funfun. Ibi tí àbẹ́là bá bà, aró ò ní mú un. Màmá fúnra wọn ló máa ń po aró, wọn kì í gbé e fún ẹnikẹ́ni: aró, kọ́sítíìkì sódà, háídírọ́ọ̀sì, omi gbígbóná, òórùn ẹ̀ á máa ta wá nímú bíi pé wọ́n ń din ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Aṣọ á jáde pẹ̀lú àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú wa báyìí, lẹ́yìn ẹ̀ la máa ki í bọ omi tó ń hó kí àbẹ́là lè yọ́ kúrò. Ọjọ́ kan ni mo ṣàìwọ ìbọ̀wọ́, mo ní kí n sáré fa aṣọ kan yọ, kọ́sítíìkì bó mi láwọ, èékánná mi dúdú títí a fi wọlé padà. Lẹ́kíṣọ̀ kan wo ọwọ́ mi, ó ní ṣé jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe ni.

Ẹ gbọ́, iye aṣọ tí mo bá tẹ̀ ni wọ́n ń san fún mi, kì í ṣe oṣù, ìyẹn dáa fún akẹ́kọ̀ọ́ torí ọ̀sẹ̀ tí mo bá ní ìdánwò, mi ò ní lọ, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ìgbà tí ìyànṣẹ́lódì parí, mo rò pé iṣẹ́ parí náà nìyẹn, Màmá ní kí n kó aṣọ mẹ́wàá lọ, kí n tà á fún àwọn ẹgbẹ́ mi, kí n dá owó wọn padà, kí n jẹ lé. Ohun tí mo rí nínú àwìn yẹn ju ohun tí mo gbà nídìí àbẹ́là lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ kọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń yẹ aṣọ wò, torí àdìrẹ ẹ̀rọ pọ̀ níta, ẹ yí aṣọ padà: ti ẹ̀rọ, àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ kì í mú tó ti iwájú, tọwọ́ wa, aró máa ń mu un dé ẹ̀yìn.

Kí ó má dà bíi pé ọgbọ́n ni mo ń fi gbogbo ìgbà ṣe, mo gba tẹ́sítì kan lórí fóònù pé ilé-iṣẹ́ kan ń wá akẹ́kọ̀ọ́, owó gidi, ẹ wọ kóòtù wá. Mo yá kóòtù. Orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, àwa bí ogójì la jókòó, wọ́n gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wa ká tó wọlé, nígbà tá a wọlé, ọkùnrin kan ń pariwo pé ṣé a fẹ́ lówó, a ní a fẹ́, ó ní ká lọ mú èèyàn mẹ́ta mẹ́ta wá. Iṣẹ́ náà nìyẹn. Ká ní mo dúró sísàlẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n bi àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀, ojú wọn nìkan ti tó.

POS náà, mo ṣe é, ní Camp, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ọmọ tó ṣe é ṣíwájú mi lo oṣù méjì ó sá lọ, mi ò bi í pé kí ló dé. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ní ká dá owó àtijọ́ padà, January 31, wọ́n sún un sí February 10, ó di March 3 kí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó ní ká máa ná an lọ títí ìparí ọdún yẹn. Láàárín ìgbà yẹn, owó ń wọ́n ju góòlù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba 10,000, 2,000 lọ̀gá mi ní kí n yọ. Èmi ni wọ́n ń bú, èmi ni wọ́n ń ṣépè fún, àwọn bàbá àgbà á fi omijé sílẹ̀ lórí tábìlì mi, oṣù parí, 20,000 tí ọ̀gá ti ń san tẹ́lẹ̀ náà ló san. Tẹ́ ẹ bá máa jókòó ti POS, ẹ ní kí wọ́n máa fún yín nínú owó tẹ́ ẹ bá pa, ẹ má gba owó oṣù nìkan.

Nínú oṣù yẹn kan náà ni ọkùnrin kan wá, léèsì funfun, ó ń kánjú, ó ní òun ti fi 15,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì wa, ó fi fóònù hàn mí, tẹ́sítì sì wọlé lóòótọ́. Mo kà á, mo rí orúkọ báńkì nínú ẹ̀, mo ka owó fún un. Lálẹ́ tí mo ń ṣírò, owó ò pé. Mo tún tẹ́sítì yẹn wò dáadáa, nọ́ńbà fóònù lásán ló fi ránṣẹ́. Wọ́n yọ ọ́ nínú 20,000 mi, ẹ ṣírò ohun tó kù. Ẹ má wo tẹ́sítì, ẹ má wo fóònù oníbàárà, inú ápù tàbí ẹ̀rọ tiyín ni kẹ́ ẹ ti wo bóyá owó wọlé, ẹni tó bá ń kánjú, ẹ jẹ́ kó máa kánjú.

Iṣẹ́ tó dáa jù tí mo ṣe, ẹnu ìyá tó ń ta gààrí fún mi ló ti jáde. Ọmọ àbúrò ẹ̀ ò mọ ìṣirò, ní Ọ̀bàǹtòkò, mo ń kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wọ́n ń san dáadáa, wọ́n sì ń fún mi ní láfún àti ewédú lé e. Àmọ́ ẹ ṣírò owó mọ́tò kẹ́ ẹ tó gbà, torí láti May 29, 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti ní sọ́bùsídì epo ti lọ, mo rí iṣẹ́ tí owó mọ́tò jẹ tán pátá, èèyàn kàn ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún onímọ́tò.

Ẹ̀yin ní ohun kan tí àwa ò ní, owó ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, 2024 ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń san skúùlù fíìsì tààrà fún skúùlù, ẹni tó bá fẹ́ owó ìgbọ́bùkátà ń gba 20,000 lóṣù, kò ní èlé, ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni wọ́n á tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà tẹ́ ẹ bá ti ríṣẹ́. NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB àti mátíríkì lẹ máa nílò. Ẹ lọ tún orúkọ yín ṣe báyìí tí ti NIN àti ti JAMB ò bá dọ́gba, ẹ má dúró dìgbà tí ìkànnì wọn máa ṣí. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa ṣe é fúnra yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó nítorí ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mo ń kó kúrò, éjẹ́ńtì kan náà mú ọmọ 100 level kan wá wo yàrá mi. Òjò ń rọ̀. Ó tún ṣí ìdérí kànga, ó ní "Ọmọ mi, wo omi." Mi ò sọ nǹkan kan, mò ń di ẹrù mi. Ọmọ náà padà wá lálẹ́, òun nìkan, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi yìí máa ń gbẹ?" Mo wọlé, mo gbé okùn garawa mi jáde, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Ó wò ó láti ibi tí mo dúró sí dé ẹnu géètì.

"Ẹ̀gbọ́n, ó mà gùn o."

Accord ló padà gba ilé.