Àyẹ̀wò 2025: ọdún "ẹ ti jí dátà mi"

Ẹ kú ọdún o. Ẹni tó bá ń retí kí n to oṣù méjìlá lẹ́sẹẹsẹ, kó má jókòó dè mí. Lọ́dọ̀ àwa kọ́sítọ́mà kíà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni 2025: ọjọ́ 20, oṣù Kìíní, tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fowó kún owó ìpè àti dátà, kó ṣáà má ju ìdá 50 nínú 100 lọ. Láti 2013 ni owó náà ti wà lójú kan. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ béèrè ju ìlọ́po méjì lọ. Kò sí oníbàárà kankan tó pè wá dúpẹ́ pé kò tó bẹ́ẹ̀.

Àárín rẹ̀ gan-an làwọn ọmọ tuntun wa bọ́ sórí ìlà. Ẹ rántí wọn, àwọn tó rò pé ohùn dídùn niṣẹ́ náà. Ohùn dídùn dára, àmọ́ ohun tí wọ́n bá kọ sínú tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ẹ̀sùn oníbàárà, ló ń yanjú ẹjọ́.

Ẹ mú ìpè "ẹ ti jí dátà mi" yẹn. Ọmọ tuntun á fẹ́ gbèjà ilé-iṣẹ́. Kò gbọdọ̀. Kó jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn tán, kí ọwọ́ rẹ̀ sì ti máa ṣí àkáǹtì. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè mẹ́rin: ọjọ́ wo lẹ ra dátà yìí? Ọjọ́ mélòó ló ní? Ṣé ẹnikẹ́ni ń fà lára hotspot yín? Ṣé fóònù yín máa ń ṣe update fúnra ẹ̀? Ìkẹrin ló ń parí ọ̀pọ̀ ìjà, torí fóònù tí wọn ò pa update rẹ̀ lè jẹ odindi 1GB lóru kí ẹni tó ni ín tó jí. Ní kí wọ́n ṣí Settings, níbi tí fóònù ti kọ iye tí áàpù kọ̀ọ̀kan jẹ. Tí oníbàárà bá fẹnu ara rẹ̀ ka "fídíò, 740MB", ohùn á rọ̀. Tó bá jẹ́ ìwọ lo kà á fún un, wàhálà dé.

Tó o bá fẹ́ fi wọ́n sí hold, sọ ìdí rẹ̀, gbàyè lọ́wọ́ wọn, kó o sì padà kó tó pé ìṣẹ́jú méjì, bó ò tiẹ̀ tíì rí nǹkan kan. Ìdákẹ́ gígùn ló ń sọ ẹni tó ń kùn di ẹni tó ń bú èèyàn. Bọ́tìnnì mute náà, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó pòṣé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ pé èmi ni, ẹ má rẹ́rìn-ín.

"Kọ́sítọ́mà ní dátà òun tán" kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì, òfófó ni. Kọ nọ́ńbà, ọjọ́ àti aago tó ra dátà, iye owó, ohun tó o ti yẹ̀ wò, ohun tó o ṣèlérí, ọjọ́ tó máa gbọ́ èsì. Ẹni tó bá gba ìpè kejì ò ní tún bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì. Ka nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì fún un díẹ̀díẹ̀, kó kà á padà. Tí kò bá rójútùú, 622 ti NCC wà, ọ̀fẹ́ ni. Má fi pamọ́ fún un.

Oṣù Karùn-ún, owó áláàtì báńkì kúrò ní ₦4, ó di ₦6. Oṣù Kẹfà, ₦6.98 USSD, ìyẹn kóòdù báńkì tí à ń tẹ̀ lórí fóònù, kúrò lára àkáǹtì báńkì, ó bọ́ sára owó káàdì. Oṣù yòókù ńkọ́? Ẹ bi QA, àwọn tó ń yẹ ìpè wa wò, àwọn ló ń gbà á sílẹ̀.

Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣì ṣófo. Ẹ mọ ẹni tó ni ín, àti bó ṣe máa ń fọwọ́ bo máìkì kó tó rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ hẹ́dísẹ́ẹ̀tì: ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní fóòmù etí yín, kí máìkì sì wà nísàlẹ̀ ètè, ní ìwọ̀n ìka méjì, kí èémí yín má bàa máa fẹ́ bí ìjì létí oníbàárà.

Ọpẹ́ pọ̀ fún màmá oní-mọ́ínmọ́ín tó ń tà fún wa láwìn ní gbogbo ìparí oṣù. Bóyá owó dátà á sinmi ní 2026. Bóyá ni mo wí o. Àwọn ọmọ tuntun mìíràn ń bọ̀ lóṣù Kìíní. Kí wọ́n mú súwẹ́tà dání: AC ibẹ̀ yẹn ò mọ̀ pé Èkó la wà.