Ganvié: ilé orí omi ni mo lọ wò, ẹyẹ ló dá mi dúró

Kí n má parọ́, tìtorí ilé orí omi ni mo ṣe lọ. Gbogbo ẹni tó bá ti dé Kútọnu ló máa ń ní àfi kéèyàn dé Ganvié, lèmi náà bá wọ mọ́tò ní Badagry láàárọ̀ Sátidé, a kọjá bọ́dà Sẹ̀mẹ́, ìgbà tí a máa fi dé Abomey-Calavi níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi, oòrùn ti ń ta bí ata.

Bàbá tó wà wá gbọ́ Yorùbá, Àjàṣẹ́ ló ní òun dàgbà sí. A ò tíì rìn jìnnà lórí ọ̀sà Nokoué tí mo fi rí ẹyẹ kan, àfi bíi pé wọ́n ta tàdáwà sí aṣọ funfun, ó dúró sójú kan lófuurufú! Kò bà, kò lọ. Apá ẹ̀ ń lù kìkìkì ṣùgbọ́n orí ò mì rárá, ẹnu gígùn yẹn dorí kodò sómi. Mo ní “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra,” kí n tó ṣí kámẹ́rà, ó ti já bí òkò, ó ti jáde, ẹja bí ìka ọwọ́ mi ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ó gbé e lọ sórí igi, ó nà á mọ́ igi lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá gbé e mì, orí ẹja ló kọ́kọ́ wọlé.

Igi yẹn gan-an, àwọn Tofinu, ẹ̀yà tó ń gbé orí omi níbẹ̀, ló rì í mọ́lẹ̀ o. Acadja ni wọ́n ń pè é: ẹ̀ka igi lóríṣiríṣi ni wọ́n máa ń gún sínú ọ̀sà torí omi ibẹ̀ ò jìn, ẹja á wá fara pamọ́ síbẹ̀, á máa jẹun, á máa bímọ, tó bá pẹ́ wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká. Ẹyẹ apẹja náà wá sọ ọ́ di àga jíjókòó.

“Ẹja wa ló ń jẹ yẹn, ọmọ mi,” bàbá rẹ́rìn-ín, kò sì lé e. Ó ní ìlà dúdú méjì ló wà láyà akọ, ẹyọ kan ni ti abo, àti pé tó bá jẹ́ ẹja wẹ́wẹ́ kì í tiẹ̀ bà rárá, òkè níbẹ̀ ló ti ń gbé e mì. Èmi rò pé orí igi ló ń yé sí, àṣé ihò ló máa ń gbẹ́ sí etídò.

Ganvié fúnra ẹ̀ dáa, ẹ ti rí fọ́tò ẹ̀, àwọn ìyá ń tajà nínú ọkọ̀.

Inú mọ́tò tí mò ń bọ̀ ni mo ti yẹ fóònù wò: omi, omi, apá bàbá, omi. Ọ̀kan ní tóótó dúdú kan lókè. Ẹyẹ ni mò ń pè é.