Obìnrin oníléèsì tí a bá lẹ́nu iṣẹ́ ní Washington

Ibòmíràn là ń lọ lọ́jọ́ náà. Bowie ní Maryland ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé, Ìyá Ìbejì ni gbogbo wa ń pè é. Láti ìgbà tí mo ti Houston dé ló ti ń sọ pé òun máa mú mi wọ Washington. A wọ ọkọ̀ ojú irin ní New Carrollton, a sọ̀ ní Smithsonian, a fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn oṣù keje. Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ibi tí à ń lọ ni wọ́n béèrè tíkẹ́ẹ̀tì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀, a ò sì gba nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣe òfin náà.

Ibi tí a ti ń wá ibòji kiri la ti rí National Gallery of Art, ilé ńlá tí wọ́n ń kó àwòrán sí. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, inú ilé sì tutù. "Jẹ́ ká wọlé jókòó jàre," bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wí nìyẹn.

Mi ò ní fi àwọn òpó mábù tó wà láàárín ilé náà dá yín dúró. A rìn títí a fi bọ́ sí yàrá àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Netherlands. Òdòdó nínú ìkòkò, ọkọ̀ ojú omi, àti àwọn ọkùnrin aláṣọ dúdú tí wọ́n fajú ro bí ẹni tí a jẹ lówó. Àfi bí a ṣe yíjú tí a rí obìnrin kan tó ń wò wá láti inú àwòrán.

Ó jókòó sídìí àwòrán tó ń yà lọ́wọ́, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ẹ̀yìn àga, ó yíjú sí wa. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn yọjú sí ọ̀dọ̀ télọ̀ tó sì ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó, kí n parí ibi tí mo dé yìí." Pákó ọ̀dà wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rẹpẹtẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ka búrọ́ọ̀ṣì náà, ó ní 17. Èmi ka 18, èmi ni mo sì gbà á.

Ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ó wọ ṣẹ́dà, ó ta kọ́là funfun gbàgbàgbà bí àwo oúnjẹ, léèsì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ta ló ń wọ léèsì kun ọ̀dà?" Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó ń ra léèsì ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, oníbàárà ló ń wọ̀ ọ́ dè."

Mo ṣì gbà pé bó ṣe rí nìyẹn. Fótò tí àwọn télọ̀ wa máa ń gbé kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, ṣé ti ọjọ́ iṣẹ́ ni? Nǹkan bí ọdún 1630 ni obìnrin náà ya àwòrán ara rẹ̀ yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún ni. Ẹ wá wo ohun tó wà lórí àwòrán tó ń yà nínú àwòrán: ọkùnrin aláṣọ búlúù kan tó ń ta fáólìn, tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn onímọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí yẹ abẹ́ ọ̀dà wò, wọ́n sì rí i pé ojú obìnrin ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kó tó pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ ajé ni mo rí nínú ìyẹn. Bí ojú rẹ lo fẹ́ kí n yà, ojú tèmi rèé, wo bó ṣe jọ mí. Bí àríyá lo fẹ́, onífáólìn rèé.

Judith Leyster ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Haarlem ní Netherlands ni wọ́n ti bí i ní 1609. Orúkọ ilé ìpọntí bàbá rẹ̀ ni Leyster, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìràwọ̀ tí àwọn atukọ̀ fi ń mọ̀nà. Bàbá náà jẹ gbèsè, ilé ọtí dàrú, ṣùgbọ́n ọmọ mú ìràwọ̀ náà lọ: J àti L tó so pọ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ló fi ń fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1633, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán Haarlem gbà á bí ọ̀gá. Ó ṣe fìrídọ́ọ̀mù nìyẹn, ó lè gba ọmọ iṣẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ló dá wàhálà sílẹ̀ ní 1635. Kò pẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ Judith tó fi kó lọ bá Frans Hals, ọ̀gá tí gbogbo ìlú mọ̀. Judith ò sọ pé àgbà ni, òun ò lè bá a fà á. Ó gbé ẹjọ́ lọ sí ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí ìyá ọmọ náà san gúlídà 4, owó ilẹ̀ Netherlands ayé ìgbà náà, fún un, ìdajì ohun tó béèrè, wọ́n sì bu ìtanràn lé Hals. Wọ́n tún bu ìtanràn lé Judith náà, torí kò forúkọ ọmọ náà sílẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi ní bí ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn níbi gbogbo.

Ó fẹ́ Jan Miense Molenaer, ayàwòrán bíi tirẹ̀, ní 1636. Ó bímọ márùn-ún, méjì ló dàgbà. Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ tí a mọ̀ kò pọ̀ mọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń ka ẹrù ilé, iṣẹ́ ìyàwó olóògbé ni wọ́n pe àwọn kan nínú àwòrán rẹ̀. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ nìyẹn. Fún nǹkan bí igba ọdún, wọ́n ń ta iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ Hals. Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni.

Owó ló tú àṣírí. Àwọn oníṣòwò àwòrán kan ní London ra àwòrán tọkọtaya tó ń ṣe fàájì, wọ́n ṣebí ti Hals ni, ẹjọ́ bá délẹ̀. Abẹ́ orúkọ Hals tí ẹnì kan kọ lé e ni wọ́n ti rí J, L àti ìràwọ̀. Ní 1893, ọ̀mọ̀wé Hofstede de Groot wá fi yé ayé ẹni tí ìràwọ̀ náà jẹ́. Ẹ mọ ohun tó dùn mí jù? Wọ́n dín owó àwòrán náà kù. Àwòrán kan náà o, ọ̀dà kan náà.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ nígbà tí mo ka èyí fún un lórí àga ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé o mọ̀ pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ò mọ orúkọ mi? Ọdún mẹ́sàn-án rèé."

Kí a tó jáde, ó ní kí n ya òun ní fótò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé nǹkan tí kò sí níbẹ̀, ó la ẹnu díẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin ló ti fi í ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí. Mo wo ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀: "Èmi àti Ìyá Oníléèsì."

"Ẹ̀gbọ́n, obìnrin yẹn ní orúkọ o."

Ó pòṣé, ó pa á rẹ́, ó bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ Leyster. Mo pè é fún un lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ọ́, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ náà sí i, èyí tí bàbá wa sọ ọ́, ó wá wá ìràwọ̀ kan nínú fóònù, ó fi sí ìdí rẹ̀.