Iná yẹ́lò táyà yẹn: kó tó tàn, táyà yín ti rọ̀ jù

Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo mọ̀ tó ń wa mọ́tò gbà pé tí iná yẹ́lò kékeré orí dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn, èyí tó rí bíi táyà tí wọ́n là láàárín tí wọ́n wá fi àmì ìyanu sínú ẹ̀, tí ò bá ti tàn, afẹ́fẹ́ táyà àwọn pé nìyẹn, kò sídìí tí wọ́n á fi wá géèjì kiri. Ó ń dùn mí gan-an tí mo bá gbọ́ ọ, torí pé òfin Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di dandan kí nǹkan yẹn wà nínú mọ́tò tuntun ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí òfin sọ ni pé kí iná tàn tí afẹ́fẹ́ táyà bá ti fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ sí iye tí wọ́n kọ sára sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ wò. Tí sítíkà bá ní 35 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe pọ̀ tó), kò pọn dandan kí iná tàn títí táyà á fi já sí nǹkan bíi 26. Táyà tó wà ní 28 ń sáré lọ lójú pópó, ó ti rọ̀, ó ń gbóná, ó ń jẹ epo, etí ẹ̀ méjèèjì ń jẹ, iná ò tàn, ẹni tó ṣe mọ́tò ò sì rú òfin kankan.

Kí wọ́n tó ṣe òfin yìí, ẹ̀mí ti lọ. Táyà Firestone kan wà tí wọ́n ń fi sẹ́sẹ̀ jíìpù Ford Explorer, orí eré ló ti máa ń bó, ibi tó ń kan ilẹ̀ á ṣí kúrò lára ìyókù, mọ́tò á sì gbókìtì. Oṣù Kẹjọ ọdún 2000 ni Firestone ní kí wọ́n kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.5 táyà padà wá. Àwọn tí ìjọba ka ikú wọn mọ́ ọ̀rọ̀ táyà ọ̀hún ní Amẹ́ríkà lé ní 200. Ford ti ń sọ fáwọn tó ra Explorer pé 26 psi ni kí wọ́n máa fẹ́ ẹ sí, Firestone padà wá ní 30 ló dáa jù, àwọn méjèèjì wá ń ti ẹ̀bi síra wọn lọ́rùn. Àléébù wà lára táyà fúnra ẹ̀ o, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ìyẹn, àmọ́ táyà tó rọ̀ ló tètè máa ń bú. Tí afẹ́fẹ́ ò bá tó, ẹ̀gbẹ́ táyà ló máa gba ẹrù tó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbé, gbogbo ìgbà tó bá yí ló máa ń tẹ̀ tó sì tún máa ń nà, ibi títẹ̀ àti nínà yẹn ni ooru ti ń wá, ooru yẹn ló sì ń já rọ́bà kúrò lára wáyà irin inú ẹ̀. Bó bá ṣe ń sáré tó tí ẹrù sì pọ̀ tó ni ooru ọ̀hún ṣe ń pọ̀ tó.

Nígbà tí Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà rí i pé ọ̀rọ̀ ti di báyìí, wọ́n yára ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní TREAD Act, Ààrẹ Bill Clinton sì fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2000 yẹn kan náà. Wọ́n fún NHTSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò mọ́tò àti ojú pópó, ní ọdún kan péré kí wọ́n kọ ìlànà tó máa jẹ́ kí mọ́tò tuntun máa kìlọ̀ fún dírẹ́bà tí táyà bá ti rọ̀ jù. Ọdún kan ni wọ́n dá, ọ̀rọ̀ ò yanjú títí di 2005. Ohun tó fa ìjà yẹn gan-an ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wa mọ́tò mọ̀.

Ọ̀nà méjì ni mọ́tò lè gbà mọ̀ pé táyà ti rọ̀. Ọ̀kan ni kí sẹ́ńsọ̀ wà nínú táyà gan-an, lára ríìmù, nídìí ẹnu ibi tí a ti ń fẹ́ ẹ, bátìrì ẹ̀ wà nínú ẹ̀, á máa wọn afẹ́fẹ́, á sì máa fi rédíò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mọ́tò. Ọ̀nà kejì ò ní nǹkan kan nínú táyà rárá. Sẹ́ńsọ̀ ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ́tò há tí èèyàn bá tẹ bíréèkì lójijì) tó ti wà nídìí ẹsẹ̀ mọ́tò tẹ́lẹ̀ ló ń lò, ó ń ka bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí, táyà tó bá rọ̀ máa ń kéré díẹ̀ sí àwọn yòókù, torí náà ó gbọ́dọ̀ yára yí jù wọ́n lọ kí wọ́n tó lè jọ rìn, bí kọ̀ǹpútà bá ti rí i pé ẹsẹ̀ kan ń yára jù, ó tan iná. Ẹ̀yìí ò wọ́n rárá, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò fi fẹ́ràn ẹ̀.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Ṣebí ńṣe ló ń fi táyà wé táyà. Bí àwọn mẹ́rin bá jọ ń gbé inú ilé kan tí gbogbo wọn sì jọ ń rù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa wo ara wọn lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹnìkejì òun ti rù. Bí táyà ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń rọ̀ náà nìyẹn! Kì í ṣe ìṣó ló gún un. Rọ́bà kì í di afẹ́fẹ́ mú pátápátá, díẹ̀díẹ̀ ló ń jò jáde láti ara táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, dírẹ́bà ò yẹ̀ ẹ́ wò, oṣù ń gorí oṣù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ rọ̀ dọ́gba, ẹ̀rọ tó ń fi táyà wé táyà ò sì ní rí nǹkan kan.

Nígbà tí NHTSA kọ́kọ́ fẹ́ gbé ìlànà tó le jáde, ọ́fíìsì tó ń yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò fún White House dá a padà fún wọn lóṣù Kejì ọdún 2002, wọ́n ní kí wọ́n fi ààyè sílẹ̀ fún ti olówó pọ́ọ́kú yẹn, torí pé mọ́tò púpọ̀ sí i á ní ABS. Nígbà tí ìlànà wá jáde lóṣù Kẹfà, wọ́n fi méjì síwájú àwọn tó ń ṣe mọ́tò kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n: bóyá kí ẹ̀rọ mọ̀ tí táyà kan títí dé mẹ́rin bá fi ìdá 25 lọ sílẹ̀, tàbí kó mọ̀ tí táyà kan ṣoṣo bá fi ìdá 30 lọ sílẹ̀. Táyà kan ṣoṣo! Ìyẹn ni pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè rọ̀ pọ̀, tàbí méjì nínú wọn, kí mọ́tò dákẹ́, kó ṣì bá òfin mu. Lójú tèmi, ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé ìdí tí wọ́n fi ní kí wọ́n kọ ìlànà yẹn.

Public Citizen àti àwọn ẹgbẹ́ míì tó ń jà fún aráàlú ò gbà, wọ́n pe Norman Mineta lẹ́jọ́, òun ni mínísítà ìrìnnà nígbà yẹn. Oṣù Kẹjọ ọdún 2003 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní New York sọ pé ìlànà táyà kan ṣoṣo yẹn lòdì sí ohun tí òfin sọ, kò sì mọ́gbọ́n dání, kí NHTSA lọ tún un kọ. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ẹjọ́ yẹn. Owó díẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe mọ́tò fẹ́ fi pa mọ́, àwọn adájọ́ sì wò ó pé ẹ̀mí wà nídìí ẹ̀.

Oṣù Kẹrin ọdún 2005 ni èyí tó wà nílẹ̀ dòní jáde, nọ́ńbà ẹ̀ ni FMVSS 138. Táyà kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó bá ti fi ìdá 25 lọ sílẹ̀, kó máà ju 20 ìṣẹ́jú lọ kí iná tó tàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú un wọlé díẹ̀díẹ̀ láti oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án 2007 ó ti di dandan fún mọ́tò kékeré, jíìpù, fáànù àti bọ́ọ̀sì kékeré tuntun tí ìwọ̀n wọn pẹ̀lú ẹrù ò ju 4,536 kìlò lọ. Wọn ò sọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n gbọ́dọ̀ lò, ohun tó gbọ́dọ̀ lè ṣe ni wọ́n sọ, mo sì gbà pé ìyẹn dáa. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ padà wá tún ti ABS yẹn ṣe, ó wá ń ka bí táyà ṣe ń gbọ̀n lórí títì mọ́ bó ṣe ń yí, ó sì lè mọ̀ báyìí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ rọ̀.

Ohun kan tún wà nínú ìlànà yẹn tí mo fẹ́ràn gan-an, ó sì jọ pé àwọn èèyàn ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní tí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ bá ti bàjẹ́, kò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Tó bá jẹ́ iná kan náà ni wọ́n fi ń sọ ọ́, á máa tàn á máa kú fún ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kó tó wá dúró gbọnyin, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún ṣáná sí mọ́tò ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Torí náà tó bá tàn tó sì dúró lójú ẹsẹ̀, táyà ni. Tó bá kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú, ẹ̀rọ ni, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́ táyà yín mọ́ nìyẹn. Bátìrì sẹ́ńsọ̀ inú táyà máa ń kú, ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ni, wọn kì í sì sábà yọ bátìrì nìkan, odindi sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé mọ́tò ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù táyà kan nígbà tí tiẹ̀ ń ṣẹ́jú, wọ́n ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé kò ṣe nǹkan kan. Inú bí mi. Òfin ò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun ààbò tó bá mọ́tò wá di aláìṣiṣẹ́, àmọ́ tó bá ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sí ohun tó ní dandan kí wọ́n tún un ṣe, ọwọ́ ẹni tó ni mọ́tò ló wà.

Ìgbà òtútù tún máa ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Tí ojú ọjọ́ bá fi nǹkan bíi dígíríì mẹ́wàá Fahrenheit tutù sí i, afẹ́fẹ́ táyà á fi bíi psi kan lọ sílẹ̀. Iná á wá tàn láàárọ̀, ẹ wa mọ́tò díẹ̀, táyà gbóná, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ wú, iná kú, ẹ ní ó ti yanjú. Kò yanjú o. Táyà ṣì rọ̀ bó ṣe rọ̀ láàárọ̀, ooru ló bò ó mọ́lẹ̀. Iye ara sítíkà, ti táyà tó tutù ni, èyí tí mọ́tò ẹ̀ ti dúró fún wákàtí mélòó kan.

Ṣé òfin yìí ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́. Ìwádìí tí NHTSA gbé jáde lọ́dún 2012 ní mọ́tò tó ní ẹ̀rọ yìí fi ìdá 55.6 nínú ọgọ́rùn-ún dín ewu kí táyà rọ̀ tó ìdá 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kù sí èyí tí kò ní. Mi ò kóyán ẹ̀ kéré rárá. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìlà 25 yẹn ti jìnnà jù, Yúróòpù tó sọ tiwọn di dandan fún gbogbo mọ́tò èrò tuntun láti oṣù Kọkànlá 2014 fi tiwọn sí 20, ó sì yẹ kí Amẹ́ríkà náà dín tiwọn kù. Kí wọ́n tún wo àwọn tírélà ńlá, torí pé FMVSS 138 ò kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn ni táyà wọn máa ń bú tí rọ́bà á fọ́n ká ojú pópó. Yúróòpù ti mú tírélà, fáànù àti bọ́ọ̀sì ńlá mọ́ tiwọn láti 2022, ó sì kan gbogbo èyí tó bá jẹ́ tuntun láti oṣù Keje 2024. Òfin Amẹ́ríkà ò sì sọ nǹkan kan nípa táyà tí wọ́n fẹ́ jù, tàbí táyà sípíà tó wà nínú búùtù.

Èyí tó ń já mi láyà jù ni bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń sọ fún mọ́tò pé bí táyà ṣe wà báyìí ló yẹ kó wà. Mọ́tò tó ń lo ABS máa ń ní in. Tí táyà bá wà ní 27 tí ẹnìkan sì tẹ̀ ẹ́ kí iná ṣáà lè kú, 27 yẹn ni mọ́tò á mú bí ibi tó dáa, láti ibẹ̀ ló sì ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdínkù. Ilé Aṣòfin tiẹ̀ sọ nínú òfin FAST Act lọ́dún 2015 pé kí NHTSA tún ìlànà ṣe kí wọ́n má lè fi irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ bo táyà tó rọ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tẹ bọ́tìnnì yẹn láìjẹ́ pé ẹ ti fi géèjì wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárọ̀ kí mọ́tò tó rìn, tí ẹ sì ti fẹ́ wọn dé iye tó wà lára sítíkà.